Idà Inú Ọ̀pá Bàbá Ṣèyíọlá

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì Bàbá Ṣèyíọlá, àga ni ilé, àga ni oko. Dókítà ní bí kò bá rìn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ náà á kú tán. Ìyàwó rẹ̀ ra ọ̀pá fún un, ó jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Èmi tí mo ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ikpoba Hill, tí olè ń gbúròó ikọ́ mi tí wọ́n ń sá? Èmi ni n ó máa ti ọ̀pá bí arúgbó?"

"Kí lẹ fẹ́ ká máa pè yín, ọmọ ìkókó?"

Kò dìde. Ẹsẹ̀ ń gbẹ, Ìyá Ṣèyíọlá tó fẹ́ràn orin kò sì kọrin mọ́.

Àfi ọjọ́ tó lọ ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Ekiosa. Ọkùnrin kan ń ta ọ̀pá dúdú. Ó yí orí ọ̀pá náà, ó fà á, idà yọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹja tútù. Ìyá rẹ́rìn-ín. Èyí ni baálé òun máa gbà! Ṣùgbọ́n onínúfùfù tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ta ní ń fún un ní idà? Ó rà á, ó gbé e lọ bá ajórin, ó ní kó jó orí rẹ̀ pa kí idà má lè yọ mọ́.

"Bàbá Ṣèyíọlá, èyí kì í ṣe ọ̀pá o, idà ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ má kàn fà á yọ o."

Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó dìde.

Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn ní Oregbeni, tìyá ń kọrin:

Ẹsẹ̀ jí o, ilẹ̀ ti mọ́,
Ẹsẹ̀ jí o, ọ̀nà ń pè ọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ajá ńlá fò jáde ní géètì. Bàbá gbá orí ọ̀pá mú. Ìyá dijú. Bó bá fà á tí kò yọ, ó parí nìyẹn, ó di orí àga.

Ó gbọ́ gbì. Bàbá ti fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ajá ti sá.

"Ẹ ò fa idà yọ?"

"Èwo? Èyí tí o ní kí wọ́n jó pa? Ọjọ́ tí o gbé e dé ni mo ti fẹ́ fà á yọ fi bó ọsàn, mo sì rí ojú ibi tí wọ́n jó."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń rìn?"

"Wàhálà tí o ṣe yẹn, kí n tún jókòó? Kọ orin rẹ, jàre."

Ó kọ ọ́. Bàbá gbè é, ọ̀pá ń lu ìlù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.