Ṣóńṣó Abẹ́rẹ́ Tó Sọnù

"Ìyá, abẹ́rẹ́ yìí ò bára mu. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ṣóńṣó rẹ̀ nípọn. Níbo lẹ ti rí ṣóńṣó yìí?"

Ojú-Àwòdì nàka sí abẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìwé Ìyá Àgbà. Nílé ìránṣọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá kán, ẹni tó kán an gbọ́dọ̀ wá gbogbo ègé rẹ̀, kó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń rán ránṣẹ́ sókè òkun, àwọn oníbàárà ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Aṣàyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Ojú-Àwòdì ló ń ka ìwé náà láràárọ̀.

"Inú agolo abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni," Ìyá Àgbà jẹ́wọ́. "Mo wá èyí tó kán lánàá títí, mi ò rí i. Wọ́n sì ń pariwo pé iṣẹ́ ò yá."

Ẹgbẹ̀rún méjì aṣọ àná ti wọ páálí, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú aṣọ sì ti dákẹ́ láti ìjẹta. Ọ̀dọ̀ oníbàárà tuntun lẹrù yìí ń lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, bò mí láṣìírí. Ó ku ọdún kan péré kí n fẹ̀yìn tì. Bóyá wọ́n ti gbá a dànù."

"Bóyá. Bóyá ọrùn aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ló sì wà."

Ó dun Ojú-Àwòdì wọra. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí ẹbí kọ̀ ọ́.

"Tótó ó ṣe bí òwe o, Ìyá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Ó jáde, ó ní kí awakọ̀ paná ọkọ̀, pé ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó kán lè wà nínú ẹrù. Ọ̀gá sáré dé, ó ń làágùn.

"Ta ló ní kí o dá ọkọ̀ dúró? Ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró dè wá! Abẹ́rẹ́ ta ló kán?"

Ojú-Àwòdì ká ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Tèmi ni, ọ̀gá," Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn wọn. "Èmi ni mo sì parọ́. Ẹ bá mi sọ páálí kalẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka lásán tẹ ọrùn aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bí ṣóńṣó náà bá wà níbẹ̀, ọwọ́ òun ni kó kọ́kọ́ gún.