Àwọn Èrò Inú Rọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá

"Ta ló gbé Bàbá sórí òṣùpá?"

Ẹnu ọ̀nà ni Onídígí dúró sí tó ti béèrè, kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Àǹtí Tíṣà wà, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àmọ́ tí ojú rẹ̀ ṣì ń lé ọmọ wọ kíláàsì. Ẹ̀yìn Àǹtí Tíṣà ni ọkùnrin tó wá di ẹrù wà, páálí méjì lábẹ́ abíyá. Àǹtí Tíṣà wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo páálí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ yàrá yẹn nìkan ni ìbéèrè náà lè yé. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín wọn ti ká. Bó bá délé, nǹkan òfurufú ló ń kó jọ: rọ́kẹ́ẹ̀tì páànù tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ sí nídìí, rọ́bọ́ọ̀tì tí iná ń tàn lójú rẹ̀, agolo bisikíìtì tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí, àwo ara ògiri tí pílánẹ́ẹ̀tì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní ẹni tó ń wo inú ẹnu ẹlẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó yẹ kó gbójú sókè díẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí tábìlì ńlá tó wà lábẹ́ fèrèsé ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an wà. Ó fi sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń mú àpẹẹrẹ eyín mọ ojú òṣùpá kan, tó fẹ̀ tó atẹ. Ó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì páànù ńlá kan tì í, ó sì gé ìhà rẹ̀ kan kúrò kí inú rẹ̀ lè hàn síta: àga mẹ́rin, ọ̀kan níwájú fún awakọ̀, mẹ́ta lẹ́yìn. Àwọn èèyàn kéékèèké tó jókòó síbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, gbogbo wọn dé akoto. Èrò ni bàbá ń pè wọ́n. Lẹ́yìn dígí akoto ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti fi búrọ́ṣì onírun kan ṣoṣo ya ojú ará ilé kan. Ẹni tó bá wà láyé, inú rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń jókòó. Ẹni tó bá kú, bàbá á fi ẹ̀mú kékeré gbé e kúrò, á fi gúlù lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òṣùpá. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, ìyá Onídígí náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ni awakọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsíbítù, Onídígí ló ti yàrá náà. Ó wo tábìlì kó tó jáde. Bàbá wà lórí àga rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni bàbá dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò nínú báàgì Onídígí, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ kejì. Eruku ti tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá bí ìyẹ̀fun tí wọ́n kù, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bàbá ti dúró lórí òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Onídígí, gúlù gbẹ dáadáa lábẹ́ bàtà rẹ̀.

"Ìwọ lo gbé e," ni Àǹtí Tíṣà wí níkẹyìn. "Ìbànújẹ́ máa ń mú èèyàn ṣe ohun tí ò ní rántí."

"Àǹtí, ẹ wo ọwọ́ mi." Iṣẹ́ gígé dígí awò ojú ni Onídígí ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í mì, ṣùgbọ́n látọjọ́ ìsìnkú, ó ń gbọ̀n bí ewé. "Ṣé ọwọ́ yìí ló fẹ́ fi ẹ̀mú gbé nǹkan?"

Ojú Àǹtí Tíṣà ti lọ síbòmíràn. Onídígí tẹ̀ lé ojú náà. Lára àga mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, èrò Àǹtí Tíṣà jókòó sí ọ̀tún, èrò Onídígí jókòó sí òsì. Àga àárín ṣófo.

Àga Wẹ́dà ni. Àbúrò Onídígí ọkùnrin ni Wẹ́dà, iṣẹ́ jíjó irin nínú ọkọ̀ òkun ló gbé e lọ. Ó pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin tó ti pè kẹ́yìn. Ọ́fíìsì ìjọba ti sọ pé bí ẹbí méjì bá fọwọ́ síwèé, àwọn á kà á mọ́ òkú. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò rí òkú ọmọ òun, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò lórí àga.

Onídígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú gbogbo àwọn tó wà lórí òṣùpá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà kò sí lára wọn.

Àǹtí Tíṣà fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí tirẹ̀. "Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì. Ọmọ mi, fọwọ́ sí i."

"Lónìí náà ni, Àǹtí?"

"Ìgbà wo ni kó jẹ́? Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, mà á ti dìde. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ n sunkún ọmọ yẹn tán, kí n simi."

Kò sí ojúkòkòrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó nira. Onídígí pa ilẹ̀kùn dé.

"Èrò ẹ̀ wà nínú yàrá yìí. Bó bá jẹ́ ibi tí òkú wà ni mo ti rí i, mà á fọwọ́ sí i. Bó bá wà lọ́dọ̀ àwọn alààyè, ẹ máa fa ìwé yẹn ya."

"Bí o ò bá wá rí i rárá ńkọ́?"

"Tí aago mẹ́ta bá lù, mà á fọwọ́ sí i."

Ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣeré àtijọ́ pamọ́ sí ló rán ọkùnrin ẹlẹ́rù wá, torí ibẹ̀ ni bàbá fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún. Dókítà Páálí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ti ń fi òwú di rọ́bọ́ọ̀tì ló ń kí i pé ó dàbọ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ọmọ wa," ni Àǹtí Tíṣà sọ fún un.

"Mọ́mì, mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ ilé onílé."

Onídígí ń wá. Bí nǹkan ẹni bá sọnù, inú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá là ń wá a dé. Ó ṣí agolo bisikíìtì, ó gbọn rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ki ìka bọ ẹnu rọ́bọ́ọ̀tì, ó sọ àwo ògiri kalẹ̀ wo ẹ̀yìn wọn. Ìgbà ogún ló kọjá níwájú tábìlì. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ gba inú kọ́tìnì fèrèsé. Òfo.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, Dókítà Páálí dákẹ́ lójijì. "Ẹ gbọ́?"

Nínú páálí tó ti lẹ̀ pa, nǹkan kan ń ró: kírrr, kírrr, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí kọ́kọ́rọ́ nǹkan ìṣeré. Ó ró nígbà méje, ó dáwọ́ dúró.

"Ooru ni," ni Dókítà Páálí wí. "Irin inú wọn máa ń na ara." Ṣùgbọ́n kò kí rọ́bọ́ọ̀tì kankan mọ́, ó sì sún páálí náà jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Aago mẹ́ta lù. Àǹtí Tíṣà na bíírò sí Onídígí. Kò pariwo, kò sì bú u. Onídígí tẹ́ ìwé náà sórí ìdérí páálí kan, ó wá ibi tí wọ́n fa ìlà sí.

Tábìlì nìkan ló kù fún Dókítà Páálí. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá ní ọ̀pọ̀ nǹkan lára láìkà wọ́n. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí bàbá kọ sílẹ̀ fún wọn. "Èrò mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbí." Ó na ìka. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, lórí òṣùpá. Ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó pé."

"Kò pé," ni Onídígí wí, kò gbójú sókè. "Méje ni. Ẹ ò rí àga tó ṣófo ni?"

"Mo rí i. Àga mẹ́rin, ọ̀kan ṣófo, ẹ̀ta kù. Ẹ̀ta àti àrún, ẹ̀jọ. Mi ò mọ ẹbí yín o, àmọ́ mo mọ nǹkan kà."

Bíírò dúró. Onídígí kà á lọ́kàn rẹ̀, ó tún un kà. Bàbá ti kúrò nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti dé orí òṣùpá. Bí Wẹ́dà náà bá kúrò, àga méjì ló yẹ kó ṣófo. Ọ̀kan ló ṣófo.

Ó yíjú sí tábìlì. Ẹnì kan jókòó sórí àga awakọ̀, ó kẹ̀yìn sí yàrá, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ti ń jókòó síbẹ̀ látìgbà tí Onídígí ti wà lọ́mọdé. Ojú tó bá ti mọ nǹkan tipẹ́ kì í wò ó mọ́. Láti àárọ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Onídígí kúnlẹ̀, ó rọra yí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Wẹ́dà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tí bàbá yà lọ́dún tí ọmọ náà lọ sójú òkun, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ojú yìí ti rù, oòrùn ti pa á, irùngbọ̀n ti bò ó dé ọrùn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí bébà ń fàya díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Tíṣà.

Ó ṣí dígí akoto náà, ó fi ìka kan irùngbọ̀n àbúrò rẹ̀. Ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kò tíì gbẹ.