Yìnyín Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Sáúnà

Hàráàà, hàráàà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́bìrì tí bàbá wọn fi ń kó yìnyín ojúde ṣe máa ń ha ilẹ̀ dídì láàárọ̀ kùtù, nígbà tí Eljas ṣì wà lọ́mọdé ní abúlé Kuusivaara, ní agbègbè Karelia tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀. Ìró yẹn ni agogo ilé wọn. Bó bá ti ń dún, a jẹ́ pé bàbá ti jí, ìyá ti gbé kọfí kaná, kò séwu. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì, ó dún títí dé ìdajì ojúde, ó sì dákẹ́. Wọ́n rò pé ó ń sinmi ni. Nígbà tí ìyá fi máa jáde, bàbá ti ṣubú sórí yìnyín, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ láàárín iṣẹ́ ti máa ń já Eljas láyà.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń gbé ní Göteborg, ní ilẹ̀ Sweden, níbi tó ti bá wọn to ọkọ̀ pọ̀ nílé iṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àbúrò rẹ̀, Oiva, ló jókòó ti ilé bàbá wọn. Lọ́sọ̀ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí Oiva tó wọ sáúnà, ilé ìwẹ̀ onígi tí wọ́n ń fi òkúta gbígbóná mú kó gbóná janjan.

"Òtútù ńkọ́?" Eljas bi í ní Sátidé kan.

"Òtútù wo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di ará Sweden! Irun imú nìkan ló dì." Oiva rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà já lójú ọ̀nà. "Yìnyín tó rọ̀ mọ́jú dé orúnkún. Èmi nìkan ni mo kó gbogbo ẹ̀. Saimi ọ̀ọ́kán ilé wa tún gbé katakata ẹ̀ dé, ó ní òun á bá mi tì í. Mo ní kó máa lọ. Ọkùnrin tí wọ́n ń bá gbá ojúde, ṣebí wọ́n ti sin ín tán ni?"

Bí wọ́n ṣe máa ń wí ní Kuusivaara nìyẹn.

"Kí ló dé tó o fi ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Kò sí nǹkan. Apá òsì ló ń ro mí, ó gùn dé àgbọ̀n. Àyà mi wá dà bíi pé èèyàn jókòó lé e. Ṣọ́bìrì ló fà á. Sáúnà ti gbóná, á yọ́ dànù níbẹ̀."

Àwọn èèyàn wọn ní òwe kan: bí sáúnà, ọ̀dà igi àti ọtí ò bá wo àìsàn sàn, kí wọ́n lọ kan pósí. Òwe náà ti pààyàn. Dókítà tó tún ọkàn Eljas fúnra rẹ̀ ṣe ti là á yé e pé òtútù a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ agbára nínú rẹ̀ a sì mú ọkàn sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí àyà bá wá ń dunni, ká jókòó ká pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ká tún lọ wọ inú ooru.

"Oiva, má wọ ibẹ̀! Jókòó, pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn."

"Nítorí ṣọ́bìrì? Kí gbogbo abúlé fi mí ṣẹ̀fẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, iná ń kú lọ, ẹ jẹ́ n lọ wẹ̀."

Ó pa fóònù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tún nìyí.

Kíá ni Eljas pe Saimi, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Oiva.

"Saimi, àyà ń dun Oiva, ó sì ń lọ sí sáúnà. Bá mi pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kó o dá a dúró!"

"Ta ló fẹ́ dá olórí kunkun yẹn dúró? Ó dáa. Màá pè wọ́n. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe sí tiẹ̀. Má pa fóònù ẹ."

Eljas ń gbọ́. Ó gbọ́ tí Saimi fi fóònù ilé pe ilé ìwòsàn. Ó gbọ́ tí katakata bú ramúramù. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ: hàráàà, irin ń ha ilẹ̀ dídì. Ohùn Oiva gbòde.

"Saimi! Ṣé orí ẹ dàrú ni? O ti kó yìnyín dí ilẹ̀kùn sáúnà mi!"

"Mo dí i. Ó ga jù ẹ́ lọ pẹ̀lú. Wọlé, lọ jókòó."

"Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látàárọ̀!"

"Wọ́n ti ń bọ̀ wá gbé ẹ. Bó o bá fẹ́ bú mi, jókòó bú mi, má nàró bú mi."

Eljas bú sẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bí Oiva bá ṣì ń bú èèyàn, ẹ̀mí ń bẹ.

Lọ́jọ́ kejì ni Oiva pè láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti la iṣan tó dí. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ó já gaara.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká ní mo wọ inú ooru yẹn ni, ó ṣeé ṣe kí n má jáde. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì mọ́. Ta ló máa wá gbá ojúde bàbá wa?"

Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ tán, Eljas tún pe Saimi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń kọ sínú fóònù láti ọdún mélòó kan, tó sì ń pa á rẹ́. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́:

"Oiva, Saimi ló máa gbá a. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó gbà, ó ní kó o ṣáà máa se kọfí dúró de òun. Má jáde sínú òtútù láìbo imú àti ẹnu ẹ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, mò ń bọ̀ wálé. Tó o bá gbọ́ tí irin ń ha ilẹ̀ láàárọ̀, má dìde. Kò séwu."