Àtíbàbà Lórí Òkú Ọ̀fọ̀

Gbénró ọmọ mi ló dá Ẹgbẹ́ Ìbò Wa sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ní ìsọ̀ tí ó ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju ọ̀kan lọ: kí ará ìlú dìbò yan alága káńsù, kí a yéé gba orúkọ tí àwọn kan ti fẹnu kò lé lórí ní pálọ̀ olóṣèlú.

Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ìyábọ̀ onígàrí máa ń sọ pé, "Alága ẹ̀gẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ tèmi ná kí ẹ tó tún Nàìjíríà ṣe." Gbénró á rẹ́rìn-ín, á sì lọ̀ ọ́ fún un. Nígbà tí ìbò dé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró ti àpótí ìbò títí wọ́n fi ka ìwé ìbò tán, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìsọ̀ kò ti gba èèyàn mọ́ ní Sátidé tí wọ́n ń ṣèpàdé. Àwọn àgbẹ̀ ń gun ọ̀kadà wá láti abà. Ìyábọ̀ náà wọ ẹgbẹ́. Olóṣèlú kan, Olóyè Ògúnwálé, ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé kí ó wá sí ẹgbẹ́ òun. Ó kọ̀. Ó sọ ọ́ lójú èmi àti Hàkímù, akọ̀wé ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ dàgbà.

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá Gbénró lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Èrúwà. Kò dé ilé ìwòsàn.

Òbí kì í wo ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Àwọn ẹbí ní kí n wà ní yàrá títí wọn yóò fi bò ó tán, mo sì wọlé. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i tí wọ́n ń ta àtíbàbà síwájú ilé. A kì í ta àtíbàbà sí òkú ọ̀fọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ Ògúnwálé ni wọ́n kọ sí i lára. Oòrùn mú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọmọ mi sì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ògúnwálé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọmọ wa Gbénró ti gbà láti bá wa ṣe kí ikú tó dé. Àárín èmi àti ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìlérí ẹ̀ já sófo."

Bí n kò bá sọ̀rọ̀, irọ́ yìí ni yóò kù nílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ mi. Mo jáde. Rebecca, ìyàwó àbúrò mi, di apá mi mú. "Bàbá Gbénró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Wọn ò tíì bò ó tán."

Mo ní, "Ọmọ mi kò ṣe tiyín. Ẹ ránṣẹ́ sí i, ó kọ̀. Hàkímù, ìwọ náà gbọ́. Sọ fún wọn."

Gbogbo wọn wo Hàkímù. Fìlà tuntun ẹgbẹ́ Ògúnwálé wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó wá kọjú sí èrò. "Ẹ má bínú sí Bàbá. Ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀."

"Ọ̀fọ̀ ni," ni Ìyábọ̀ wí. Omi wà lójú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí Gbénró kọ̀; àánú mi ló ń ṣe é.

Wọ́n mú mi wọlé.

Ní Sátidé, mo lọ ṣí ìsọ̀. N kò mọ ẹ̀rọ lò, mo kàn jókòó. Nígbà tí ó di ọ̀sán, Hàkímù àti àwọn yòókù gun ọ̀kadà kọjá, wọ́n ń lọ sí ìpàdé nílé Ògúnwálé. Wọ́n dín eré kù, wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo dá wọn lóhùn.