Àwọn Òǹkàwé Ẹni Ìkẹyìn

Nígbà tí ọkùnrin tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣúárì ọsibítù ńlá kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tirẹ̀ sórí ayélujára, ẹnu yà á pé kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ó kọ nípa bọ́ọ̀lù, ó bú ìjọba, ó gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn lórí ìgbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń kà á, kò sì rí ọ̀nà sá, nítorí ọkọ rẹ̀ a máa na fóònù sí i lójú bó bá ń jẹun lọ́wọ́.

"Olówó orí mi," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan, "ta ló fẹ́ gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù lẹ́nu yín? Òkú lẹ mọ̀. Ẹ kọ nípa òkú, kí n ráyè jẹun."

Ló bá yíwọ́ padà. Ó sọ ara rẹ̀ ní Ẹni Ìkẹyìn, nítorí òun ló ń fọwọ́ kan àwọn èèyàn náà kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ pósí. Ó kọ bí òun ṣe máa ń kí wọn, bí òun ṣe ń bẹ̀ wọ́n kí apá tó ti gan lè rọ̀ wọ aṣọ. Òfin kan ló fi de ara rẹ̀: kò ní kọ nípa ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi sin ín, yóò sì pa àmì ẹni náà dà, kí ọkùnrin di obìnrin, kí ọgbẹ́ ọ̀bẹ di ti mọ́tò.

Òǹkàwé tó kọ́kọ́ dá a lóhùn pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọlọ́mọkan. Àìsàn ọkàn ló dá màmá náà jókòó sílé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ra fóònù tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi fún un kí ilé má baà sú u. "Ọmọ mi," ló kọ, "o ṣeun tó ò ń pọ́n wọn lé." Ó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn yẹn náà fi ránṣẹ́ sí tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí iṣẹ́ kò bá dára, màmá náà kì í pọ́n ọn: "Ìkánjú lo fi kọ èyí, ọmọ mi." Ó bi í níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin náà sì sọ fún un. Ìyá tó bí ọkùnrin yìí ti kú tipẹ́. Ká sòótọ́, ó ti sọ obìnrin tí kò rí rí di ìyá.

Ṣùgbọ́n òǹkàwé dà bí àlejò tí ebi ń pa: bí oúnjẹ bá pẹ́, á yà sílé kejì. "Ẹni Ìkẹyìn, tòní dà?" "Ṣé kò séèyàn tó kú ni?" Ìbéèrè wọn ń dùn mọ́ ọn, òun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló pa òfin rẹ̀ tì. Àṣejù sì rèé, baba àṣetẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọkọ̀ kọlù wá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, òwú pupa ni wọ́n sì fi rán gbogbo bọ́tìnì rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ẹni Ìkẹyìn wẹ̀ ẹ́ tán, kó tó jẹun, ó ti kọ ọ́ síta: àwọn bọ́tìnì náà, àpá kékeré abẹ́ àgbọ̀n, kò pa ìkankan dà. "Ẹni tó rán bọ́tìnì wọ̀nyí," ló kọ, "ojú rẹ̀ lè máa ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ìfẹ́." Kò kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń ya wọlé ṣáá, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Ọ̀sán ni àbúrò ìyá olóògbé náà dé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "bí ẹnikẹ́ni bá pè láti ilé wa, ẹ má sọ nǹkan kan. A ò tíì túfọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn ń dà á láàmú, ọmọ kan yìí náà ló sì bí. A fẹ́ mú dókítà rẹ̀ dání ká tó sọ ọ́."

Ẹni Ìkẹyìn bi í pé, "Ta ló ń bá ọmọ náà tún aṣọ ṣe?"

"Ìyá rẹ̀ ni. Nínú òwú, pupa nìkan lojú rẹ̀ ṣì ń rí dáadáa."

Ó yára pa ohun tó kọ rẹ́, àmọ́ wọ́n ti dà á kọ kiri. Ìyá Ọlọ́mọkan, tó máa ń kọ́kọ́ dáhùn, kò tíì sọ nǹkan kan. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, kò sì sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí takisí kan fi dúró. Aládùúgbò kan di obìnrin àgbàlagbà kan mú lápá, wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí, "ta ló sọ fún yín?"

Obìnrin náà yíjú sí ọkùnrin kejì. "Ṣé ìwọ ni Ẹni Ìkẹyìn?"

"Èmi ni, mà." Èpè ló ń retí. Ìbá dúpẹ́ ká ní ó ṣẹ́ ẹ.

"Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

Ó mí, ó tún mí, ó fọwọ́ ti ògiri. "Mo fẹ́ wọlé lọ bá ọmọ mi," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni, ohun tó o bá rí níbẹ̀, má kọ ọ́."