Bíróòṣì Tíṣà Ọlárìndé

Bí ẹ bá ti fura pé ayédèrú ni bíróòṣì, ohun ọ̀ṣọ́ àyà aṣọ tí wọ́n gbẹ́ ojú obìnrin sí, tí Tíṣà Ọlárìndé gbé lọ sí Mahintedo láti fi wú ìyá Fadékẹ́mi lórí, ẹ ò ṣìnà. Tíṣà nìkan ni kò fura.

"Màmá, ìkaraun òkun ni wọ́n fi gbẹ́ ojú obìnrin yìí. Ẹ wò ó bí oòrùn ṣe ń là á kọjá! Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Òun ni mo fi ń tọrọ Fadékẹ́mi."

Màmá ń yan ẹja lọ́wọ́. "Àna wa, iná ò lè ṣe ìkaraun ní nǹkan kan."

"Rárá o! Ẹ gbé e lé ààrò kẹ́ ẹ wò ó!"

Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Tíṣà ṣì ń ròyìn ọgbọ́n àwọn agbẹ́nà nígbà tí imú obìnrin náà yọ́ sórí ẹja.