Ka Oókan Dé Ọgọ́rùn-ún

Ìdin ń já bọ́ lẹ́nu arúgbó inú fíìmù, gbogbo èrò sinimá sì pàtẹ́wọ́. Télọ̀ gbójú kúrò. Ìríra ti dé e lọ́fun. Fíìmù kejì nìyí láti ọ̀sán, ó ku ọ̀kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú wọn, akọni eléwù dúdú kan ló ń fò lórí òrùlé, tó ń gba ìlú là, àmọ́ tí òógùn máa ń bò bó bá ti rí yàrá kékeré.

Kì í ṣe ìdin ló ń rí Télọ̀ lára jù, arúgbó ọ̀dájú yẹn ni. Kó tó ti akọni mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọkọ mi.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá wọn ṣe ń pe àbúrò rẹ̀ láti kékeré! Ìyá náà ló jókòó tì í yìí, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tó wọ aṣọ tuntun nítorí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀gbin lọmọ yìí kó. Wọ́n ti kéde pé yóò jáde wá kí èrò bí wọ́n bá parí. Kó jáde! Níṣojú gbogbo wọn lòun yóò ti sọ fún un pé ọmọ àlè ní í fi ìyá rẹ̀ ṣe àjẹ́.

Ọmọ tí kì í ti ilẹ̀kùn, títí dé ti ilé ìyàgbẹ́! Lọ́sàn-án yìí náà, ó mú wọn wọlé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Télọ̀ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe rẹ̀: “Ṣé ìrù ẹ ṣì wà níta ni?”

Nínú fíìmù kẹta, arúgbó náà bọ́ ìborùn dúdú rẹ̀ kúrò fúngbà àkọ́kọ́. Téèpù ìwọnṣọ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn pa. “Ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Bó o bá fo ẹyọ kan, wàá tún un kà.”

Ìyá fi ìgúnpá gún Télọ̀. “Ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́ o.”

Ìyá kọ́ lóòótọ́. Ìyá wà níbi iṣẹ́ nígbà náà. Télọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ń fi ẹ̀rọ ìyá kọ́ aṣọ rírán, ọmọ ọdún márùn-ún kan sì ń da òwú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Télọ̀ ló ń pè é ní “ọkọ mi” bí ìyá, kó lè wọnú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó lọ ṣeré lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Nígbà tó padà dé, ọmọ náà ṣì ń kà.

Ìríra náà kò kúrò. Ibi tó kọjú sí ló yí padà. Ara rẹ̀ ló wá ń rí i lára.

Iná tàn. Àbúrò rẹ̀ dé láàárín àtẹ́wọ́, ó tẹrí ba fún ìyá, ó tẹrí ba fún òun náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?”

Gbogbo èébú tó ti tò sílẹ̀ pòórá. “O ṣeun,” ló rí sọ.

Àbúrò rẹ̀ ṣáájú wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn mú kó má baà padé, ó ń dúró kí ìyá rọra kọjá. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ìrù ẹ ṣì wà níta ni, ọkọ mi?”

Ọmọkùnrin rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó bá a di ilẹ̀kùn náà mú.